Ọ̀sẹ̀ 26 sí Comrades: àkọsílẹ̀ ìgbáradì fún sárésáré tó ń bẹ̀rẹ̀

Eré Comrades ni àkọsílẹ̀ yìí dojú kọ: kìlómítà bíi 86 sí 90 láàárín Durban àti Pietermaritzburg ní Gúúsù Áfíríkà, ní oṣù Kẹfà. Vic Clapham, ológun tó ti ogun àgbáyé kìíní bọ̀, ló dá a sílẹ̀ ní 1921 ní ìrántí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bógun lọ. Ènìyàn 34 ló bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, 16 péré ló parí, Bill Rowan ló sì ṣíwájú wọn ní wákàtí 8 ìṣẹ́jú 59. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń parí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ẹni tó yára. Ìdí tí a fi yàn án fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wákàtí 12 ni wọ́n fún yín, ọ̀nà ọ̀dà ni, omi sì wà káàkiri lójú ọ̀nà.

Ẹ pín wákàtí 12 sí kìlómítà 90, ìṣẹ́jú 8 ni yóò bọ́ sórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti ń sá kìlómítà 10 ládùúgbò yóò ní ìyẹn ti rọrùn jù. Kò rọrùn. Inú ìṣẹ́jú 8 yẹn ni ìgòkè wà, ibẹ̀ ni ìtọ̀ àti ìdúró mumi wà, ibẹ̀ náà ni wákàtí mẹ́ta ìkẹyìn tí itan kì í gbọ́ràn mọ́ wà. Nítorí náà, ìrìn ni a óò kọ́kọ́ kọ́. Ìṣirò tí a gbé ètò yìí lé ni pé kí ẹ sá fún ìṣẹ́jú 8 (ìṣẹ́jú 7 fún kìlómítà kan), kí ẹ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 2 (ìṣẹ́jú 11 fún kìlómítà kan), kí ẹ tún padà sá. Tí ẹ bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú 7 àti ààbọ̀ lé díẹ̀ ni kìlómítà kan yóò gbà, kìlómítà 90 yóò sì parí ní nǹkan bíi wákàtí 11 ìṣẹ́jú 19. Ìṣẹ́jú 41 ló ṣẹ́kù sọ́wọ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú 41 yìí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ 1 tó dé, ó yẹ kí ẹ ti máa sáré déédéé fún bí ọdún kan, kí kìlómítà 21 má sì ṣòro fún yín. Kí dókítà ti wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá ni a bẹ̀rẹ̀ kíkà.

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 4

Àròpọ̀ kìlómítà ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: 40, 45, 50, lẹ́yìn náà 36. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ni ẹ óò jáde, eré gígùn ọjọ́ Sátidé jẹ́ 16, 18, 21, 14. Ọ̀sẹ̀ kẹrin gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, torí inú ìsinmi ni iṣan ti ń le. Ìwọ̀n ìyára tó dára ni kí ẹ lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀yẹ́ ni yóò máa fẹ́ lásìkò yìí: ẹ fi òrí pa ètè àti ihò imú kí ẹ tó jáde, bí eruku bá sì bo òpin òpópónà lójú yín, ẹ fi eré sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Ẹ máa kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sì wọ aṣọ tó ń tan iná padà.

Ìwé tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí kò ní ju ìlà mẹ́fà lọ: ọjọ́, kìlómítà, àkókò, ìwọ̀n ara kí ẹ tó jáde àti nígbà tí ẹ dé, ohun tí ẹ jẹ àti èyí tí ẹ mu, ibi tó ń dùn yín. Ìlà ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun ló sì wúlò jù. Ìrora tó bá wà níbì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra kì í ṣe àárẹ̀ mọ́.

Bàtà. Ẹ rà á kó tóbi ju èyí tí ẹ ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, kí àtàǹpàkò ọwọ́ lè wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù àti imú bàtà, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Bàtà òkìríkà lè dà bíi tuntun lójú, àmọ́ fóòmù inú rẹ̀ ti lè gan kó tó dé ọjà. Ẹ fi ọwọ́ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti inú. Bí kò bá rọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bàtà méjì ni ẹ nílò, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, nítorí ọ̀kan kì í sábà kọjá kìlómítà 800. Ìbọ̀sẹ̀ òwú máa ń mu òógùn, á sì sọ ẹsẹ̀ di ìléròrò. Ti ọ̀rá wíwun ló dára.

Ọ̀sẹ̀ 5 sí 10

Eré gígùn á máa lọ sókè: 24, 27, 30, 20, 32, lẹ́yìn náà eré kìlómítà 42. Comrades kì í gba ẹni tí kò bá tíì parí kìlómítà 42 lórí ọ̀nà tí wọ́n wọ̀n dáadáa. Wákàtí 4 ìṣẹ́jú 50 ni gbèdéke rẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Eré ti Èkó máa ń bọ́ sí oṣù Kejì, àkókò tó bá ètò yìí mu. Òórùn ni ọ̀tá ibẹ̀: afárá Third Mainland kò ní ìbòji, ooru orí omi kì í sì í jẹ́ kí òógùn gbẹ. Tí ẹ bá ń fi ìṣẹ́jú 6 àti àáyá 10 sá kìlómítà kan fún ìṣẹ́jú 8, tí ẹ sì ń rìn fún ìṣẹ́jú 2, ẹ óò parí ní nǹkan bíi wákàtí 4 ìṣẹ́jú 45.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé kí ènìyàn má rìn àfìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Ìrìn tí a fi àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í padà di eré. Ìṣẹ́jú 8 àkọ́kọ́ bá pé, ẹ rìn, bí ara yín tilẹ̀ ń yá gágá, bí àwọn ènìyàn ẹ̀bá ọ̀nà tilẹ̀ ń bi yín pé ṣé ó ti tán.

Ọ̀sẹ̀ 11 àti 12

Ìsinmi. Kìlómítà 15, lẹ́yìn náà 30, gbogbo rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ 13 sí 18: òkè

Òkè ńlá márùn-ún ni Comrades fi ń dẹ́rù bani: Cowies Hill, Fields Hill, Botha's Hill, Inchanga àti Polly Shortts. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀ láti Durban, ìgòkè ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti Pietermaritzburg wá, ìsọ̀kalẹ̀ ni. Ẹni tí kò mọ̀ yóò gbàdúrà pé kí ọdún tòun bọ́ sí ìsọ̀kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń fọ́ ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń gòkè, iṣan iwájú itan ń súnkì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan kan náà ń nà nígbà tí ẹrù ara wà lórí rẹ̀, ó ń ṣe bíi bíréékì, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ á sì máa ya wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi máa ń dé lọ́jọ́ kejì, tí ènìyàn á sì máa fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ní ọdún ìsọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn kìlómítà tó lé ní 60 ni ẹ óò tó bá Fields Hill pàdé, kìlómítà bíi mẹ́ta tó da gẹ̀rẹ́. Itan tí kò bá tíì kọ́ bíréékì, ibẹ̀ ló ti ń tú.

Oríire ni pé iṣan máa ń rántí. Lẹ́yìn ìrora àkọ́kọ́, ìsọ̀kalẹ̀ tó tẹ̀ lé e kì í dunni tó bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni a yà sọ́tọ̀ fún un: mítà 400 ìdagẹ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin ní ọ̀sẹ̀ 13, ẹ̀ẹ̀mẹfà ní 15, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ní 17. Ẹ máa rìn gòkè padà. Ará Ìbàdàn kò ní láti wá òkè jìnnà, Òkè Àrẹ̀ wà ńlẹ̀. Abẹ́òkúta àti Èkìtì kò sì nílò àlàyé. Ará Èkó tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ á máa lo àtẹ̀gùn ilé alájà púpọ̀, sísọ̀ kalẹ̀ rẹ̀ gan-an ni kó kà. Ìgbésẹ̀ kékeré, kíákíá, orúnkún rírọ̀. Ẹni tó bá ń fẹ̀yìn tì sẹ́yìn ń fi gìgísẹ̀ lu ọ̀dà, orúnkún rẹ̀ ni yóò san owó rẹ̀.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, eré méjì ló ń tẹ̀ léra: Sátidé 26, Sọ́ńdè 16, títí dé 32 àti 20. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ni ẹ ń kọ́ bí a ṣe ń sáré, láìjẹ́ pé ẹ sá 52 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì kí ara tó padà bọ̀ sípò.

Inú náà ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ara yóò nílò gíráàmù 30 sí 60 oúnjẹ afúnnilókun ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí àkọ́kọ́, kí ebi tó pa yín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n, tí kò kéré tí kò tóbi, ní bíi 25. Dàbínù, ànàmọ́ sísè tí a fi iyọ̀ sí, búrẹ́dì funfun, gbogbo wọn ṣiṣẹ́. Fún mímu: píọ̀ wọ́tà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ńtílítà 50, ṣíbí ńlá ṣúgà márùn-ún tí kò kún jù, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Bó bá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú á rú, torí ṣúgà tó pọ̀ jù máa ń dúró sínú ikùn, á sì fa omi mọ́ra. Ẹ̀wà, àkàrà àti ẹ̀fọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú eré gígùn. Ògì àti búrẹ́dì ní wákàtí mẹ́ta sí eré, ó tó.

Omi pọ̀ jù ń pani ju omi kéré lọ nínú eré tó lọ́ra. Ẹni tó bá ń mu nígbà tí òùngbẹ kò gbẹ ẹ́ yóò fomi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: ọwọ́ á wú, òrùka á há, orí á fọ́, ọ̀rọ̀ á sì máa dàrú lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ̀n ara ni ẹ óò fi mọ̀ ọ́n. Kílò kan tó bá dín kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lítà kan òógùn, èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀wọ̀n ju bó ṣe jáde lọ ti mu àmujù.

Ọ̀sẹ̀ 19 sí 22

Kìlómítà 85 ni ọ̀sẹ̀ tó ga jù, inú rẹ̀ sì ni eré kan ṣoṣo ti kìlómítà 50 wà, ní ọ̀sẹ̀ 20. Wákàtí 6 ìṣẹ́jú 17 ni ètò ìṣẹ́jú 8 eré, ìṣẹ́jú 2 ìrìn yóò fi parí rẹ̀. Ẹni tó bá fi wákàtí 5 sá a láti fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ ti na owó oṣù Kẹfà ní oṣù Kẹrin. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àsìkò yìí ni nǹkan máa ń bàjẹ́. Ìrora ojúgun tí ẹ lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí, tí kò sì lọ bí ẹ bá dúró, egungun tó fẹ́ sán ni: ilé ìwòsàn, kì í ṣe róbù. Ìtọ̀ tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi zobo lẹ́yìn eré gígùn, iṣan tó ti fọ́ ló ń gba kídìnrín kọjá, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe fi ibuprofen sáré láé, ìdí kan náà ni. Bí ibà bá sì ń ṣe yín, ẹ jókòó sílé. Ọ̀sẹ̀ kan tó sọnù kò ba ètò ọ̀sẹ̀ 26 jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 23 sí 26

Kìlómítà 60, 45, 30, lẹ́yìn náà eré fúnra rẹ̀. Ara yóò máa wúwo, ibi tí kò dùn yín rí yóò máa ta yín. Ẹ má dá a lóhùn. Káàdì ìbà pọ́njú ni kí ẹ bójú tó, torí Gúúsù Áfíríkà kì í gba aráàlú Nàìjíríà wọlé láìsí i, abẹ́rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kó tó jẹ́ ojúlówó. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún. Òtútù ń mú ní Pietermaritzburg láàárọ̀ oṣù Kẹfà: súwẹ́tà òkìríkà kan tí ẹ lè jù nù lẹ́yìn kìlómítà márùn-ún tó. Òrí sí itan, abẹ́ apá, orí ọmú.

Inú ọ̀rá kékeré ni wọ́n ń pín omi níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń fi eyín ya igun rẹ̀, àǹfààní kan ṣoṣo tí ilé fún wa nìyẹn.

Ìṣẹ́jú 41 wá ńkọ́? Ẹ yọ 8 fún ìtọ̀ àti ìgbẹ́, 6 fún tábìlì omi, 15 fún òkè tí ẹ óò rìn látìsàlẹ̀ dókè, 5 fún okùn bàtà àti ìléròrò. Ó ku 7. Bí wákàtí 12 bá pé, ẹnì kan máa ń kọ̀yìn sí àwọn tó ń bọ̀, á yìnbọn sókè, wọ́n á sì ti ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó wọlé ṣáájú ìbọn yẹn pẹ̀lú àáyá kan gba àmì ẹ̀yẹ Vic Clapham. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ méjì kò gba nǹkan kan.