Kí n tó dé Kétu, mo ti rí àwọn ará ilé wa lójú ọ̀nà

Ẹni tó bá ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ bíi tèmi, tó fẹ́ wá orírun ẹ̀ lọ sí Kétu, ìlú Yorùbá àtijọ́ tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ níbẹ̀, kó má wọ takisí tó ń lọ tààrà o. Kó wọ èyí tó máa já a sílẹ̀ ní Sákétè, kó sọ̀kalẹ̀ ní Ìkpínlẹ̀, kó sùn ní Pọ̀bẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni ìdílé wà.

Ìdí ni pé àwọn èèyàn wa ò dúró sójú kan. Ní 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómè, olú ìlú Dàhòmì, àwọn tó ráyè sá ti sá, ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Bẹ̀hánzìn, ọba Dàhòmì, tán làwọn tó kù wá ń padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ ní 1894. Ẹ rò ó wò ná, ẹlòmíì kúrò nílé lọ́mọdé, ó padà dé tòun tọmọ lẹ́yìn, ẹlòmíì ò tiẹ̀ padà mọ́, ibi tí wọ́n ti gbà á ló jókòó sí, ibẹ̀ ló bímọ sí.

Ìwé ìjọba ò sì gbé wa jìnnà. Lórí ìwé bàbá bàbá mi, «né vers», ìyẹn «wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí», ni wọ́n kọ sí ọjọ́ ìbí, ojú ni wọ́n fi díwọ̀n ọjọ́ orí ẹ̀. Ti orúkọ ló tún le jù, torí nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ ìdílé sílẹ̀, ẹnì kan á mú orúkọ bàbá ẹ̀, àbúrò ẹ̀ á mú orúkọ àbísọ ara ẹ̀, ni ọmọ ìyá kan náà bá ń jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ títí dòní. Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé tiwa.

Ìyẹn ni mi ò ṣe kì í fi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá dé ibì kan, màá kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, màá ní Àjàṣẹ́ ni mo ti wá, màá wá ki oríkì tí ìyá bàbá mi fi máa ń kì wá láàárọ̀, màá sọ èèwọ̀ ilé wa àti òrìṣà tí wọ́n ń bọ níbẹ̀. Ní Ìkpínlẹ̀, ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà gba oríkì yẹn lẹ́nu mi, ó kì í débi tí mi ò gbọ́ rí láyé mi, omi ń bọ́ lójú mi, òun náà ń sunkún, àwọn oníbàárà ẹ̀ dúró ń wò wá. Ó ní ìyá tó bí ìyá òun ló máa ń kì í bẹ́ẹ̀. Mo gbà á sílẹ̀ sórí fóònù lẹ́yìn tí mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Pọ̀bẹ̀, ilẹ̀ á yí padà lójú yín, ilẹ̀ pupa á di ilẹ̀ dúdú, amọ̀ gidi, ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí nìyẹn. Láyé ìgbà tí kò sí ọ̀nà tó dáa, tí òjò bá ti dé, àlejò ò lè gba ibẹ̀ kọjá, ìyẹn sì wà lára ohun tó ran àwọn Ọ̀họ̀rí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kọjú ìjà sí Faransé ní 1914. Mo gun zem, ọ̀kadà tó ń kó èrò, wọ inú abúlé kan níbẹ̀, bàbá àgbà kan sọ fún mi pé inú àbàtà yẹn làwọn kan nínú àwọn tó sá fógun Kétu sá sí, torí ọmọ ogun ò lè tọ̀ wọ́n débẹ̀. Inú mi dùn gan-an pé mo sọ̀kalẹ̀.

Ní Kétu, mo kọ́kọ́ lọ kí Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ yẹn, kí n tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn ìdílé ọmọ ọba níbẹ̀ tí ń jọba ní ìran-ìran, Alápínní, Mágbó, Àró, Mẹ̀sà, Mẹ̀fù, a ò sí lára wọn, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láìfi bò. Àgbẹ̀ ni wá, ilé wa wà nítòsí Mágbó, wọ́n sì mú mi lọ wo ilẹ̀ ẹ̀.

Wọ́n ní ẹ̀ka kan nínú ìdílé wa tún wà ní Mẹ̀kọ ní Nàìjíríà, lódìkejì ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ní 1889. Tí òjò bá dá, Ìlárá ni màá gbà lọ síbẹ̀, màá máa sọ̀kalẹ̀ ní gbogbo abúlé tó bá wà láàárín.