Ìrépé, Òjò Àkọ́rọ̀ àti Ọwọ́ Màmá: Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Ọyẹ́ ti dé sí Ìbàdàn, ètè ti ń gbẹ, eruku ti bo orí fìríìjì, kálukú sì ti ń ṣírò ọdún. Èmi náà ti ṣírò tèmi. Ọ̀rọ̀ owó kò gùn: a jẹ, a mu, a san owó iléèwé, gbèsè kò sí lọ́rùn wa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ti iṣẹ́ náà kò gùn: ibi tí mo wà lọ́dún tó kọjá ni mo ṣì wà, ara sì le. Ilé ìdáná tí mo ní mo máa kùn kò tíì rí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fi ọdún yìí ṣe, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni aṣọ ìbora tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì Màmá báyìí, èyí tí a fi ìrépé ankara rán láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ títí di ìgbà tí àgbàdo tuntun jáde. Òun ni mo gbé ṣáájú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún yìí, tọkàntọkàn ni mo sì fi gbé e ṣáájú.

Ilé wo ní Ìbàdàn ni kò ní àpò ìrépé? Sátidé kan kì í lọ kí á má rí ẹni tó ń ṣe nǹkan: ìgbéyàwó, ìkómọ, ìṣílé, òkú àgbà, ẹni tó pé ọgọ́ta ọdún. Aṣọ ẹbí kò ní ṣàì sí níbẹ̀. Aránṣọ á rán an tán, á di èyí tó ṣẹ́ kù sínú láílọ́ọ̀nù, á ní, "Mọ̀mí, ẹ gba ìyókù aṣọ yín." Ẹlòmíràn á fi di ìkòkò gbígbóná mú, ẹlòmíràn á fi nu tábìlì. Màmá mi kì í dà á nù ní tiẹ̀. Inú àpò ìrẹsì kan ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ń kó wọn sí, ó sì ti ń kó wọn síbẹ̀ kí n tó lọ ilé ọkọ. Nígbà tí a ń tún yàrá rẹ̀ ṣe lóṣù Kẹta ni mo fa àpò náà jáde, tí mo tú u sílẹ̀ lórí ẹní. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Èyí ni ti ìkómọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Èyí ni a wọ nígbà tí bàbá rẹ ṣílé. Má wulẹ̀ fọwọ́ kan èyí o, ti ìgbéyàwó tèmi ni." A kò tún yàrá náà ṣe tán lọ́jọ́ yẹn.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí ní ilẹ̀ Òyìnbó máa ń sọ nípa ìgbà ìrúwé, nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán, tí wọ́n á ṣí fèrèsé, tí wọ́n á gbé àga sí ibi tí oòrùn ń tàn sí. Kò sí yìnyín níbí, ṣùgbọ́n àkọ́rọ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún wa. Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn mọ bó ṣe máa ń rí: ìjì á kọ́kọ́ gbé eruku dìde, ilẹ̀kùn á máa gbá, àwọn ènìyàn á máa sáré ká aṣọ kúrò lórí okùn, kí òjò tó wá dà sórí páànù. Lẹ́yìn náà ni òórùn ilẹ̀ á gòkè wá, tí ooru tó ti há ọ láyà láti oṣù Kejì á sì tú ọ sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, èsúnsún bo iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ gbé abọ́ omi sí abẹ́ iná náà, wọ́n kó wọn, Màmá sì yan wọ́n fún wọn pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Agbálùmọ̀ ń parí lọ, máńgòrò ń bẹ̀rẹ̀. Mo tú ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí i. Ilé dùn ún gbé lásìkò yẹn ju ìgbà kankan lọ, ọwọ́ sì ń wá ohun tó máa ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe iṣẹ́ náà, torí mo mọ̀ pé àpò ìrépé wà nílé ọ̀pọ̀ yín.

A kọ́kọ́ ṣà wọ́n. Léèsì kò wúlò, ihò rẹ̀ pọ̀ jù. Aṣọ òkè ki jù fún ankara, yóò máa fa èkejì rẹ̀ ya ni. Ṣẹ́dà àti sátìnì ń yọ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ankara tó jẹ́ òwú gidi ló dára jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ankara ló jẹ́ òwú mọ́. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí ìrépé, kí ẹ ṣáná sí i. Bó bá jẹ́ òwú, á jó lọ, á rùn bí bébà tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ polyester, á yọ́, á ká kò, á di kóró líle. Èyí tó yọ́, a yọ ọ́ sọ́tọ̀, torí áyọ́ọ̀nù gbígbóná á bà á jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni a fọ gbogbo wọn, kí sítáàṣì lè kúrò, kí èyí tó bá máa sún kì sì ti sún kì kí a tó gé e. Èyí tí aró rẹ̀ ń jáde, a rẹ ẹ́ lọ́tọ̀, a ń pààrọ̀ omi títí tí omi fi mọ́.

A gé páálí bísíkíìtì kan sí ínṣì márùn-ún níbùú àti lóòró, òun ni a ń gbé lé aṣọ, tí a ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká kí a tó lo sísọ́ọ̀sì. Ìránpọ̀ ń jẹ ìdá mẹ́rin ínṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ínṣì 4½ ló ń kù lójú aṣọ. A to 16 ní ìbú àti 18 ní gígùn, ó jẹ́ 288 lápapọ̀, aṣọ náà sì fẹ̀ ní ínṣì 72, ó gùn ní ínṣì 81. Èyí tó fún bẹ́ẹ̀dì Màmá dáadáa.

Bí a ṣe máa tò ó ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní tèmi, èyí tó dúdú kí ó tẹ̀ lé èyí tó mọ́lẹ̀, kí ojú lè máa rìn lórí aṣọ náà láìkọsẹ̀. Ní ti Màmá, kí a tò ó bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀: ìgbéyàwó rẹ̀ ṣáájú, kí ìkómọ àkọ́bí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ìkómọ tèmi, títí dé àwọn ọmọ tèmi. Màmá ní, "Ṣé o máa fi àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n torí pé aṣọ rẹ̀ pọ́n ni?" Mo kúnlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn. A tò ó ní dúdú àti mímọ́lẹ̀ látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà kan gba àárín aṣọ náà kọjá láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí rẹ̀, nínú èyí tí gbogbo nǹkan wà bí Màmá ṣe fẹ́. Nísinsìnyí tí mo bá wò ó, ìlà yẹn ni ojú mi ń lọ sí.

Máṣíìnì tí à ń fi ẹsẹ̀ wà ni a fi rán ojú aṣọ náà pọ̀, torí kò dúró de iná. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni a fi rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ara wọn. A tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun sílẹ̀, a tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ kan tó ti gbó lé e, a wá tẹ́ aṣọ onírépé lé gbogbo rẹ̀. Àwọn Òyìnbó máa ń fi òwú tó nípọn sáàárín. Fún ooru Ìbàdàn, búláńkẹ́ẹ̀tì gbígbó ti tó. A fi fọ́nrán gígùn há wọn mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, láti àárín lọ sí etí, kí aṣọ má baà ká jọ.

Ibi tí adùn iṣẹ́ náà wà gan-an nìyí. Fọ́nrán kì í gùn ju láti ọwọ́ dé ìgúnpá lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á lọ́ pọ̀. Mo máa ń fà á gba ara àbẹ́là kí ó lè máa yọ̀ wọlé. Mo ta kókó kékeré sí ìdí rẹ̀, mo ki abẹ́rẹ́ bọ ìpele tó wà lókè nìkan, níbi tó jìn díẹ̀ sí ibi tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo sì fà á. Kókó náà á dúró lójú aṣọ, á kọ̀, kò ní wọlé. Mo fà á díẹ̀ sí i, ó dún "pọ́", ó ti wọlé, ó ti sá pamọ́ sáàárín, ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́. Látìbẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ á wọlé, á jáde, á wọlé, á jáde, aṣọ á máa jìn wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà fọ́nrán, tí a bá fi ọwọ́ gba orí rẹ̀, a ó máa bá òkè àti kòtò kéékèèké pàdé. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, rédíò ń sọ̀rọ̀ níyàrá kejì, ògì gbígbóná àti àkàrà wà lórí àpótí. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo tún lè tọrọ nírú ọ̀sán bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ Màmá yà mí lẹ́nu. Màmá wà lára àwọn ọmọ tó jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1955, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ níléèwé: bí a ṣe ń ká etí aṣọ, bí a ṣe ń fi òwú àwọ̀ mèremère ya òdòdó sára aṣọ ìrọ̀rí. Ojú wọn kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá wọn ki fọ́nrán bọ̀ ọ́, ó máa ń ki abẹ́rẹ́ bíi mélòó kan sílẹ̀ kó tó lọ iléèwé, á sì gún wọn mọ́ ara tìmùtìmù kékeré kan. Ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ ṣáà dé ọwọ́ wọn, ìka ń rántí. Ìlà wọn tọ́ ju tèmi lọ, láìfi ṣọ́ọ̀kì fà á. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ sáré rán tiẹ̀ tán, wọ́n ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ọkọ mi. Tú u, kí o tún un rán." Ó tú u, ó tún un rán. Etí ọ̀tún aṣọ náà nísàlẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Àwọn kan tó wá kí wa ní iṣẹ́ Òyìnbó ni à ń ṣe. Mi ò gbà. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún tó ń jáde ní Ìbàdàn yìí lọ́dọọdún: ìpele aṣọ lórí ìpele aṣọ, ìrépé tí wọ́n gé tí wọ́n rán mọ́ra, etí onígun mẹ́ta bí eyín ayùn, tí ìdílé ń rán aṣọ tuntun mọ́ ti àtijọ́. Àwọn tó rán nǹkan wọ̀nyẹn mọ ohun tí ìrépé lè dì. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà náà kò jẹ́ kí ọwọ́ wọn ó kú. Abúlé kan wà ní Alabama tó ń jẹ́ Gee's Bend, tí àwọn obìnrin ibẹ̀, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú, ń fi ṣòkòtò àti ẹ̀wù iṣẹ́ oko tó ti gbó rán aṣọ ìbora kí òtútù má pa ọmọ wọn. Ní 2002, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní Houston gbé iṣẹ́ wọn kọ́ sára ògiri fún aráyé wò, nígbà tó sì di 2006, ìjọba Amẹ́ríkà fi mẹ́wàá nínú aṣọ náà ṣe sítáǹbù lẹ́tà. Mo fi àwòrán wọn han Màmá lórí fóònù. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí kò fi nǹkan kan ṣòfò," wọ́n sì ní kí n fẹ ọ̀kan lójú kí àwọn lè rí bí wọ́n ṣe ká etí rẹ̀.

Àwọn nǹkan kékeré mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí ọdún tó lọ. Ewédú ẹ̀yìnkùlé so wọ̀ǹtìwọnti, a kò ra ewédú lọ́jà fún ìgbà pípẹ́. Ìyókù ìrépé di ìdìkòkò tí mo fi ṣe ẹ̀bùn fún àwọn ará ilé wa lọ́dún Iléyá àti Kérésì. Ìyá aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìrépé rẹ̀ fún mi, ó sì ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ òun. Mo ti dáhùn pé mò ń bọ̀.

Ọdún tó ń bọ̀, àdìrẹ ni mo fẹ́ rán. Mo ti rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, gbà lọ́wọ́ àǹtí mi, aró elú gidi, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Mápó yẹn ti wà lórí òkè rẹ̀ láti 1929, ó sì yẹ kó wà láàárín aṣọ ìbora ilé kan ní Òkè-Àdó. Mi ò ní gé e. Odindi ni mo máa fi í sáàárín, màá sì to ìrépé àdìrẹ tí mo rà ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta yí i ká. Ó ti wà nínú omi láti àná, mo ti ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìrépé àdìrẹ tó jẹ́ òwú gidi, kódà kó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, ẹ bá mi fi pamọ́, mo ṣe tán láti fi ankara ṣe pàṣípààrọ̀. Màmá ti sọ pé etí rẹ̀ ni tàwọn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.