Èèyàn 1,200 nínú báńkì kan: bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ káríófà operations management

Mo ṣì rántí ìbéèrè kan nínú tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí a ṣe nínú kọ́ọ̀sì operations management, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń darí iṣẹ́. Báńkì kan ni. Èèyàn 40 ń wọlé láàárín wákàtí kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó jáde. Èèyàn mélòó ló máa ń wà nínú báńkì náà lẹ́ẹ̀kan? Mo ti mọ fọ́múlà rẹ̀ sórí bí ẹní mọ orin: iye èèyàn tó ń wọlé, ní ìlọ́po àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò. Mo sọ 40 di ìlọ́po 30, mo kọ 1,200, mo fa ìlà méjì sí i nídìí. Olùkọ́ wa fi bírò pupa yí i po, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ṣé inú pápá ìṣeré Moshood Abiola ni wọ́n kọ́ báńkì ọ̀hún sí.

Ogún èèyàn ni ìdáhùn. Wákàtí ni wọ́n fi ka àwọn tó ń wọlé, èmi wá lọ fi ìṣẹ́jú ka àkókò tí wọ́n ń lò. Ìdajì wákàtí ló yẹ kí n lò. Àṣìṣe lè ṣe ẹnikẹ́ni. Ohun tó dùn mí ni pé mo wo 1,200 yẹn tán, kò sì ṣe mí bákan. Ẹ bá mi wá báńkì kan ní gbogbo Abuja tó gba èèyàn bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni mò ń rí, mi ò rí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Mo gba káríófà ní sáà yẹn, mo ní láti tún kọ́ọ̀sì náà ṣe.

Àbúrò ìyá mi ló kọ́ mi ní kọ́ọ̀sì náà, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀. Àmàlà ló ń tà ní Utako, kò jìnnà sí ọjà. Àga 18 ló wà nínú bùkà rẹ̀. Tí aago kan ọ̀sán bá ti lù, àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́jà àtàwọn òṣìṣẹ́ tó fi káàdì ọ́fíìsì kọ́rùn á ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí mi gbà pé ọwọ́ àwọn tó ń bu oúnjẹ ni ò yá, ló bá gba ọmọbìnrin kan kún wọn. Èrò ò dín. Ó ra ìkòkò ńlá mìíràn. Èrò ò dín.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan tí a wà ní họ́lidé, mo mú ìwé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kẹ́ẹ̀gì tí mẹ́rúwà gbé kalẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, mo kọ aago tó wọlé àti àwọ̀ aṣọ rẹ̀. Tó bá ń jáde, mo tún kọ ọ́. Láàárín aago kan sí méjì, èèyàn 36 wọlé. Nígbà tí mo pín àkókò wọn dọ́gba, ogójì ìṣẹ́jú ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdá méjì nínú mẹ́ta wákàtí (mo ti gbọ́n nígbà yẹn). Ìdá méjì nínú mẹ́ta 36 jẹ́ 24. Àga sì jẹ́ 18. Àwọn mẹ́fà tí à ń bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́ nìyẹn. Inú mi dùn bíi pé èmi ni mo ṣàwárí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ John Little ti Amẹ́ríkà ti gbé ẹ̀rí rẹ̀ jáde lọ́dún 1961, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe fọ́múlà báńkì yẹn ní Little's Law dòní.

Mo wá tú ogójì ìṣẹ́jú yẹn palẹ̀. Ìṣẹ́jú 12 ń lọ sórí wíwá àga àti dídúró de oúnjẹ. Oúnjẹ jíjẹ gba 17. Ìṣẹ́jú 11 tó kù ni mi ò rò rárá: èèyàn ti jẹun tán, ó ti ṣanwọ́, àwo ti ṣófo níwájú rẹ̀, ó ń dúró de àlẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin kan tó wọ kaftan aláwọ̀ ewé jókòó ti eegun ẹran fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ó ń na fóònù rẹ̀ sókè kí àǹtí mi lè rí i pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ òun, àǹtí mi náà ń na tirẹ̀ sókè pé kò tíì wọlé.

Ibi tí ọ̀nà ti há nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní bottleneck ní kíláàsì. Ibi tí ọ̀nà ò ti há ni àǹtí mi ti ń náwó látọjọ́ yìí. Mo ní kí wọ́n kúkú máa sanwó lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó jókòó. Ó kọ̀. "Ọkọ mi, ṣé kí wọ́n máa sọ pé mò ń fojú olè wo àwọn ni?" Kò sí àyè fún irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú fọ́múlà, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yẹn á mú nọ́ńbà àkáǹtì lọ bá oníbàárà nídìí tábìlì. Kí ó tó jẹun tán, àlẹ́ẹ̀tì á ti wọlé. Lọ́sẹ̀ kejì mo tún jókòó kà á, ó ti di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìdajì 36 jẹ́ 18, ó sì bá iye àga mu gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n iye tí a pín dọ́gba ni 18 yẹn o. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí àwọn tó kírun bá ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan ṣì ń dúró.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì yìí, ẹ wá ibì kan tí ẹ lè jókòó kà: ilé oníPOS, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ilé aránṣọ. Ẹ kọ wákàtí tàbí ìṣẹ́jú sídìí gbogbo nọ́ńbà. Tí ẹ bá rí ìdáhùn, ẹ bi ara yín bóyá ó lè rí bẹ́ẹ̀ lójú ayé.

Fọ́múlà kejì tó gbà mí lára ni ti iye ọjà tó yẹ kéèyàn rà lẹ́ẹ̀kan, èyí tí Ford Harris kọ lọ́dún 1913. Ẹ mú iye tí ẹ ń lò lọ́dún, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye tí ríra ẹ̀ẹ̀kan ń ná yín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ fi owó ìpamọ́ ẹyọ kan fún ọdún kan (ìyẹn ohun tí títọ́jú rẹ̀ pamọ́ ń ná yín) pín in, kí ẹ wá wá square root rẹ̀. Ṣakí ni èlùbọ́ àǹtí mi ti ń wá, tí wọ́n á fi mọ́tò gbé e dé páàkì Jabi. Àpò mẹ́rin lọ́sẹ̀, 200 lọ́dún, torí ó máa ń ti bùkà fún ọ̀sẹ̀ méjì tó bá lọ sílé. Ìpè, ọkọ̀ àti aláàárù ń ná an ní ₦6,000 lẹ́ẹ̀kan tó bá rajà. Èmi fi ₦1,500 ṣe owó ìpamọ́ àpò kan lọ́dún, ìdáhùn jẹ́ àpò 40. Mo gbé e lọ bá a pẹ̀lú ayọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ogójì! Kí kòkòrò náà lè bí ọmọ tirẹ̀ níbẹ̀?" Èmi ò ka kòkòrò mọ́ owó ìpamọ́, mi ò sì ka èlùbọ́ tí òjò ń bà jẹ́. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣírò ohun tó ń pàdánù, ₦6,000 ló kan àpò kan. Mo tún un ṣe, ó di 20. Ẹ ṣàkíyèsí i: owó ìpamọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, iye àpò wá já sí ìdajì péré. Iṣẹ́ square root nìyẹn, wọ́n sì fẹ́ràn láti bi yín nínú ìdánwò.

Àpò 25 ni awakọ̀ rẹ̀ sì máa ń gbé. Mo ṣírò ìyẹn náà. Tó bá ń ra 20, ríra àti ìpamọ́ á jẹ́ ₦120,000 lọ́dún. Tó bá ń ra 25, ₦123,000. Nítorí ₦3,000, ta ló máa lọ bá awakọ̀ jà? Herbert Simon, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1978, sọ pé àwọn tó ń darí iṣẹ́ kì í wá èyí tó dára jù lọ, èyí tó bá ti tó ni wọ́n ń mú. Mo rò pé òun náà ì bá ra 25.

Ti tábìlì ìpinnu, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ó rọrùn: maximax ń mú ibi tí èrè tó ga jù lọ wà, maximin ń mú ibi tí àbájáde tó burú jù ti sàn jù, regret sì ń mú ibi tí àbámọ̀ tó pọ̀ jù ti kéré jù. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo lò ó ní bùkà. Ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn Iléyá ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá èrò ti padà sí Abuja. Tí a bá sè púpọ̀ tí wọ́n sì wá, èrè ₦60,000. Tí wọn ò bá wá, a pàdánù ₦25,000. Tí a bá sè díẹ̀, ₦28,000 tí wọ́n bá wá, ₦10,000 tí wọn ò bá wá. Maximax ní ká sè púpọ̀, maximin àti regret ní ká sè díẹ̀. Owó àjọ àǹtí mi ló wà nílẹ̀, nítorí náà mo ní ká sè díẹ̀. Ó gbà.

Aago kan ò tíì lù, àmàlà ti tán, èrò kún ẹnu ọ̀nà. Mo ń ṣàlàyé fún un pé pẹ̀lú ohun tí a mọ̀ láàárọ̀, ìpinnu náà ò burú, àbájáde rẹ̀ ni ò dára. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù lára ìró, ó tọ́ka síta.

"Ọ̀gá yunifásítì, ẹ lọ ṣàlàyé fún wọn."

Oníkaftan aláwọ̀ ewé ló wà níwájú. Ó ti mú fóònù rẹ̀ dání.