Marykirk: Abúlé Tí Wọ́n Ti Fi Afẹ́fẹ́ Tan Iná Sílé

Bí ọkọ̀ ojú irin bá kúrò ní Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland tó kọrí sí gúúsù, ọwọ́ òsì ni òkun máa ń wà. Ó di ẹ̀yìn Stonehaven kí ọkọ̀ tó yà wọ àárín oko, níbi tí ilẹ̀ ti pupa, tí kò sì sí igi púpọ̀ tó lè dá afẹ́fẹ́ dúró. Mo sọ̀ ní Laurencekirk, mo wọ takisí lọ sí Marykirk, abúlé kékeré kan létí odò North Esk. Awakọ̀ bi mí pé kí ni mo ń wá lọ síbẹ̀. Mo ní ọlọ afẹ́fẹ́ ni, ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí. Ó ní kò sí ọlọ afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ilẹ̀ tí ọ̀kan ti dúró sí nígbà kan.

Ní oṣù keje ọdún 1887 ni James Blyth gbé e kalẹ̀ sínú ọgbà ilé tó ti máa ń lo ìsinmi. Ọmọ bíbí Marykirk ni, ọ̀jọ̀gbọ́n sì ni ní Anderson's College ní Glasgow. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ ọkà nílẹ̀ Yúróòpù, ṣùgbọ́n ti Blyth kò lọ ọkà kankan. Apá mẹ́rin ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 13, ó sì ta aṣọ kanfáàsì sí wọn lára bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń yí wọn, okùn yóò máa fa dáínámò, ẹ̀rọ tó ń mú iná mànàmáná jáde, dáínámò yóò sì máa rọ iná sínú bátìrì. Bátìrì irú èyí tí Camille Faure ará Faransé ṣe ló lò.

Bátìrì yìí gan-an ló jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà. Afẹ́fẹ́ kì í bi ènìyàn kó tó dé, kì í sì í dágbére kó tó lọ. Ó lè fẹ́ tọ̀sán-tòru lónìí, kí ewé má mì lọ́la. Ẹni tó ní ínfátà nílé ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ yóò yára mọ ohun tí Blyth ń ṣe: èyí tó bá fi pamọ́ nígbà tó wà ni yóò tàn nígbà tí kò sí. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dára, ó lè tan gílóòbù mẹ́wàá oní-fóltì (volt) 25. Ilé rẹ̀ yìí ni wọ́n kà sí ilé àkọ́kọ́ lágbàáyé tí afẹ́fẹ́ fún ní iná mànàmáná. Ní 1888, Charles Brush náà gbé tirẹ̀ dìde ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, èyí tó tóbi jù ú lọ fíìfíì.

Iná Blyth wá pọ̀ ju ohun tó ń lò. Ó ní kí àwọn ará abúlé wá mú èyí tó ṣẹ́kù, kí wọ́n fi tan títì wọn. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ Sátánì ni.

Mo rìn lórí títì yẹn síwá sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. N kò lè bú wọn. Iná tí kò ní òwú, tí kò ní epo, tí kò rú èéfín, ta ni kò ní bà lẹ́rù nígbà náà? Síbẹ̀ ó dùn mí. Mo mọ ohun tó jẹ́ láti fi àtùpà kàwé, kí n sì máa retí iná tí kò dé.

Ẹ̀rọ aláṣọ náà ní àléébù kan: bí ìjì bá dé, kò rọrùn láti dá a dúró. Blyth wá ṣe òmíràn tó ń yí lórí òpó tó dúró ṣánṣán, tí àpótí bí ìdajì àgbá wà lápá rẹ̀, èyí tí kì í sá àsápajúdé nínú ìjì. Irú rẹ̀ ni wọ́n kọ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Montrose, ìlú tí kò jìnnà sí Marykirk, wọ́n sì gba iná tirẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Ọdún 1906 ni Blyth kú.

Ẹni tó bá ń gbé Aberdeen lè lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin ti Glasgow, University of Strathclyde ni ilé ẹ̀kọ́ tó ti ṣiṣẹ́ dà lónìí. Ẹ mú aṣọ òtútù dání, nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ o.