Ẹ Bá Wa Dúpẹ́, Ọmọ Ti Dé

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ bá èmi àti ìyàwó mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba. Ọmọ ti dé sílé wa, ọkùnrin ni. Ìyá rẹ̀ yè, ọmọ yè. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣí inú ìyàwó mi. A dúpẹ́ àdúrà yín, ṣùgbọ́n inú ìyàwó mi kò fìgbà kan tì. Ara èmi ni ìṣòro náà wà. Àwa méjèèjì la jọ fẹnu kò pé kí n sọ ọ́ ní gbangba, torí gbangba náà ni wọ́n ti ń bú u.

Ní gbogbo ọdún tí a fi ń wá ọmọ, òun nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọ́n yẹ ilé ọmọ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ọ̀nà ẹyin rẹ̀ wò, kò sí àbùkù. Kò sẹ́ni tó bi èmi léèrè, nítorí ara mi le, àtọ̀ sì ń jáde bó ṣe yẹ. Dókítà obìnrin kan ló kọjú sí mi níkẹyìn: "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ńkọ́?" Ọlọ́run yóò bá mi san án fún un.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìwé ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2021, fi mílíọ̀nù 16 sípáàmù, ìyẹn irúgbìn ọkùnrin tí ń wọ inú ẹyin obìnrin, nínú mìlílítà àtọ̀ kan ṣe ìwọ̀n ìsàlẹ̀. Tèmi kò ní ẹyọ kan. Wọ́n fi ẹ̀rọ yí i kí ohun tó bá wà níbẹ̀ lè kóra jọ sísàlẹ̀, òfo. Wọ́n tún gba òmíràn, òfo náà ni.

Kórópọ̀n mi kéré, họ́mónù FSH sì ga nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ọpọlọ ló ń fi họ́mónù yìí ké sí kórópọ̀n pé kó ṣiṣẹ́. Bí kórópọ̀n kò bá dáhùn, igbe náà á máa ròkè sí i. Ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà tí sípáàmù ń gbà jáde ló dí. Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé iṣan ẹ̀jẹ̀ wú nínú àpò ẹpọ̀n mi, tí ooru rẹ̀ ń ba DNA, ohun àjogúnbá inú sípáàmù, jẹ́? Rárá. Ṣé kórópọ̀n mi kò tètè sọ̀kalẹ̀ nígbà tí wọ́n bí mi? Ó sọ̀kalẹ̀. Lára àwọn krómósómù, ìyẹn okùn DNA inú ara, ọkùnrin máa ń ní X kan àti Y kan; ṣé mo ní X kan lé, irú èyí tí ó ń wà lára ọmọkùnrin kan nínú bíi 600? Kò sí.

Lára Y mi ni wọ́n ti rí i. Apá kan já sọnù níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń pè ní AZFc, níbi tí jíìnì DAZ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn àwọn ìtọ́ni inú DNA, wà, tí sípáàmù nílò kó tó lè dàgbà. Agbègbè yẹn kún fún àwọn ìlà DNA tó jọra gan-an. Nígbà mìíràn wọ́n á so mọ́ ara wọn, ohun tó wà láàárín wọn á sì já dànù. Ó sábà máa ń jẹ́ pé lára ọmọ ló ti bẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò ní in. Nítorí náà, kì í ṣe ayé ló ṣe é, kì í ṣe èpè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tiepolo àti Zuffardi, àwọn onímọ̀ ará Ítálì tó ti kọ̀wé ní 1976 pé lára Y ni ohun tí ń mú sípáàmù jáde wà.

Ká ní AZFa tàbí AZFb, àwọn apá mìíràn lára Y, ló lọ tán ni, wọn kì í sábà rí sípáàmù kankan. Ṣùgbọ́n AZFc ni tèmi. Nígbà tí dókítà ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn, ìyàwó mi ké "Ọlọ́run ṣeun!" kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n ń fi máíkírósíkóòpù wo inú kórópọ̀n, wọ́n ń ṣa àwọn ọ̀pá oníhò tín-ín-rín tó kún ju ìyókù lọ. Wọ́n rí díẹ̀. Díẹ̀ tó, torí ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn ní Brussels, ní Belgium, kéde ní 1992 pé ó ti mú oyún wá, sípáàmù kan péré ni wọ́n ń gún sínú ẹyin kan. Abẹ́rẹ́ tí ìyàwó mi gbà kí ẹyin rẹ̀ tó pọ̀, ara rẹ̀ ló fi gbà á, nítorí àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀, omi máa ń bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá, ọlẹ̀ sọ.

Wọ́n ti sọ fún wa ṣáájú pé bó bá jẹ́ ọkùnrin, yóò jogún Y mi pẹ̀lú ibi tó já náà. A gbà á bẹ́ẹ̀. Tó bá dàgbà, a óò sọ fún un, yóò sì tètè yẹ ara rẹ̀ wò, kí wọ́n lè bá a tọ́jú sípáàmù pamọ́ bó bá ní. Òun kò ní wá ìdí káàkiri bíi tiwa.

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dúró tì wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá kí wa kú ewu ọmọ, ìyàwó mi ni kí ẹ kọ́kọ́ kí.