Àpótí tó dá mi dúró

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi nígbẹ̀ẹ́. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó sì nàka sísàlẹ̀. Mo tẹ́tí. Ẹnìkan ń rìn nínú ilé ìdáná wa.

Mo ti ní ìbọn ìléwọ́ fún ọdún mẹ́ta nígbà náà, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí mo fowó ara mi san. Èrò mi ni pé bí irú òru bẹ́ẹ̀ bá dé, màá mọ ohun tí màá ṣe. Irọ́ gbáà ni. Mo nawọ́ sí àpótí onírin tí mo ń ti ìbọn náà mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tó ní bọ́tìnnì mẹ́rin lórí. Mo tẹ nọ́ńbà mi. Ó ké pín-ín, kò ṣí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo tún un tẹ̀, ó tún ké pín-ín pín-ín. Bí èèyàn bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ṣe ni àpótí yẹn á ti ara rẹ̀ pa fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sì ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò, mo mí kanlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà náà lọ́kàn bí ọmọ iléèwé tí tíṣà dá dúró.

Ibi tí mo ti ń kà á ni ẹni tó wà nísàlẹ̀ ti sín. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, tí èyí tó kẹ́yìn sì gùn bí ẹní fẹ́ kọrin. Ẹnìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń sín bẹ́ẹ̀ láyé yìí, àbúrò ìyàwó mi ni. Ọjọ́ Sátidé ló ní òun ń bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ló dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ tipẹ́. Ó tiẹ̀ ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ti wà lọ́nà, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ti pa fóònù ká tó sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa àpótí yẹn: mo ti ń bú u tipẹ́. Nínú àwọn tá a jọ ń lọ sí pápá ìyìnbọn, àwọn kan wà tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé olè ò ní dúró dè mí kí n tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n ní abẹ́ ìrọ̀rí ni ìbọn ń gbé, pẹ̀lú ọta lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ wọn ti ń wọ̀ mí lára. Ó ku díẹ̀ kí n yọ àpótí yẹn kúrò. Ká ní mo ti yọ ọ́ ni, ìbọn á ti wà lọ́wọ́ mi lórí àtẹ̀gùn kí ọmọkùnrin yẹn tó sín. Mo mọ bí ara mi ṣe rí ní òru ọjọ́ náà. N kò fẹ́ rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ àwọn ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Nǹkan tí àwa tá a ní ìbọn nílé fẹ́ràn jù láti sọ ni bí a ṣe lè yára. Bá a ṣe máa fà á yọ, bá a ṣe máa yìn ín. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì ṣe òfo. Ní 1983, ọlọ́pàá kan ní Salt Lake City, Dennis Tueller, kọ̀wé nípa ìdánwò kan tó ṣe. Ó rí i pé ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ lè sá kọjá ẹsẹ̀ bàtà 21, ìyẹn mítà mẹ́fà àti díẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ ṣì wà nínú àpò kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè fà á yọ kó sì yìn ín láàárín àkókò yẹn. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti sọ iye ẹsẹ̀ bàtà yẹn di òfin, bíi pé ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ inú rẹ̀ di ẹran ìgbẹ́. Ohun tí ìdánwò náà fi hàn ni pé jíjìnnà síni ni àkókò, àkókò ló sì ń fún èèyàn láyè láti ronú. Bí àkókò bá kéré, ibòmíràn ló yẹ kí a ti wá a. Kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi nígbà náà, ọmọdé lè fi èjìká ṣí i. Mo ti ná owó sórí ọta àti àpò ìbọn tó gbayì, ṣùgbọ́n n kò ra àgádágodo gidi kan sí ẹnu ọ̀nà. Mo ti tún un ṣe báyìí. Mo fi ìṣó tó gùn kan irin ilẹ̀kùn mọ́ igi férémù, mo gbé iná tó ń tàn fúnra rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ kejì sí ilẹ̀kùn yàrá wa. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á ní láti fọ́ nǹkan, á pariwo, á pẹ́. Pípẹ́ rẹ̀ yẹn ni mo fi ń ra àkókò.

Ẹ̀kejì ni iná. Ní òru ọjọ́ yẹn, ṣé ẹ mọ ibi tí tọ́ọ̀ṣì mi wà? Nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí mo fẹ́ lọ bá jà! Jeff Cooper, ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìbọn sílẹ̀ ní Arizona ní 1976, ló fi òfin mẹ́rin lélẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ gbogbo wa. Gbogbo ìbọn ló ní ọta nínú, kódà èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò. Má ṣe kọ ẹnu ìbọn sí ohun tó ò ṣetán láti bà jẹ́. Ìka rẹ kò gbọ́dọ̀ kan tírígà títí tí o fi wo ibi tó o fẹ́ yìn dáadáa. Dá ohun tó o fẹ́ yìn mọ̀, kí o sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo lè ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí oorun. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè pa òfin kẹrin mọ́ nínú òkùnkùn, àfi kó mú iná dání. Tọ́ọ̀ṣì mi ń gbé orí tábìlì ìbùsùn báyìí, òun ni mo sì kọ́kọ́ ń mú. Àwọn kan ń so iná mọ́ ara ìbọn. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní iná mìíràn, gbogbo ohun tó bá fẹ́ wò ló ń kọ ẹnu ìbọn sí, títí kan ọmọ tó jí lọ mu omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ọwọ́ òsì mú tèmi lọ́tọ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ lọ kan ògiri àárín yàrá yín. Bó bá jẹ́ pákó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ọta ìbọn ìléwọ́ lásán máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, á sì tún gba òmíràn. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi ìka nà síbi tí mo rò pé màá yìnbọn sí. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ló wà lẹ́yìn ibẹ̀ gan-an. Ọjọ́ náà ni a gbé bẹ́ẹ̀dì sí ògiri kejì, a sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Bá a bá gbọ́ nǹkan, a ó kó ọmọ wá sí yàrá wa, a ó ti ilẹ̀kùn, ìyàwó mi á pe ọlọ́pàá, èmi á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Fóònù kan kì í kú lálẹ́ mọ́ nílé wa. Kí èmi tó ṣe nǹkankan, màá kígbe: “Ta nìyẹn?” Ó dùn mí pé ìbéèrè kékeré yẹn kò wá sí mi lọ́kàn ní òru ọjọ́ yẹn. Ká ní mo bi í, àbúrò mi ìbá dáhùn, ọ̀rọ̀ ìbá parí.

Ọ̀rọ̀ òfin, n kò ní fa á gùn, torí ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, òfin kò ní kó o kọ́kọ́ wá ọ̀nà sá. Ní ibòmíràn, bó o bá lè sá láìfarapa, àfi kó o sá. Ohun tí adájọ́ máa ń fẹ́ mọ̀ níbi púpọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ṣé ẹ̀mí wà nínú ewu ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ṣé ìwọ kọ́ lo dá ìjà sílẹ̀, ṣé agbára tó o lò kò ju ohun tó dojú kọ ẹ́ lọ. Olè tó ti kẹ̀yìn, tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n sá lọ, tẹlifíṣọ̀n ló gbé. Bí ọlọ́pàá bá dé, wọn kò mọ ẹni tó ni ilé. Ìbọn gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ sì hàn.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ọkùnrin pápá ìyìnbọn kì í fẹ́ gbọ́. Ní Amẹ́ríkà ní 2021, èèyàn 48,830 ni ìbọn pa. 26,328 nínú wọn ló jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa ara wọn. Nílé tí ìbọn wà, kì í ṣe olè nìkan ló yẹ ká máa bẹ̀rù. Ọjọ́ burúkú tiwa náà ń bẹ. Ní 2006, àwọn ológun Ísírẹ́lì pa á láṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun má ṣe gbé ìbọn lọ sílé mọ́ lópin ọ̀sẹ̀, iye àwọn ọmọ ogun tó ń pa ara wọn sì fi nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ìbànújẹ́ wọn ò ṣáà dín. Ìdádúró ló wọ àárín. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá, tí mo sì ń sùn títí di ọ̀sán, ìyàwó mi yí nọ́ńbà àpótí náà padà fún oṣù méjì. Kò bi mí. Inú bí mi fún ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà mo dúpẹ́.

Mo ṣì ń lọ sí pápá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nílé, mo máa ń kó gbogbo ọta jáde lọ sí yàrá mìíràn, mo máa ń yẹ ihò ìbọn wò lẹ́ẹ̀mejì, màá wá pa iná, màá sì fi ìka wá bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà nínú òkùnkùn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló ń gbà mí báyìí. N kò fẹ́ kó dín sí i.

Ní òru tí mò ń sọ yìí, nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo, àbúrò ìyàwó mi jókòó sídìí fíríìjì tó ń mu omi tútù. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá, mo jí yín. Kí ló ń ké pín-ín pín-ín lókè?”

Mo ní aago ni. Bó bá ka èyí, á mọ̀ pé kì í ṣe aago.