Ohun tí aṣọ funfun ọmọ mi kọ́ mi nípa Halloween

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ni mo ti rí aṣọ funfun tí a máa ń tẹ́ fún àlejò. Ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé ihò méjì sí i, ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ilé ìwé wọn níbí n'Ìbàdàn ló kọ lẹ́tà pé kí àwọn ọmọ múra bó ṣe wù wọ́n wá ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá fún Halloween. Iwin ni tèmi fẹ́ ṣe.

Mi ò bi í ní nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ká aṣọ náà mọ́ apá, mo lọ pariwo lé Àǹtí kíláàsì wọn lórí lẹ́nu géètì, níwájú àwọn òbí àtọmọ. Mo ní ọjọ́ ìbí Sátánì ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ mi ṣe. Orí WhatsApp ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Omi lé ròrò sójú Àǹtí yẹn. Ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo lọ fẹjọ́ sun Màámi ní Kúdẹtì, níbi tí míṣọ́nnárì Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n dé Ìbàdàn ní 1853, kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí. Màámi gbọ́ mi jálẹ̀. Wọ́n ní, "O jàre pé o ò jẹ́ kó bojú. Àmọ́ ọjọ́ ìbí Sátánì tí o sọ yẹn, inú Bíbélì wo lo ti kà á?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo bá jókòó, mo kàwé. Orúkọ Halloween fúnra rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ló túmọ̀ sí, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá tó wà nínú ìwé àdúrà tí mo ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré! Ti ìbọ̀rìṣà tó wà nídìí rẹ̀, Samhain ni, ọdún àwọn ará Ireland àti Scotland àtijọ́, nígbà tí ìkórè bá parí tí òtútù sì ń wọlé. Wọ́n gbà pé lóru yẹn, àwọn òkú a máa rìn láàárín alààyè. Nígbà tó yá, turnip ni wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lára. Ìgbà tí àwọn ará Ireland kó dé Amẹ́ríkà ni elégédé gbapò rẹ̀.

Ta ni kò mọ irú ìyẹn n'Ìbàdàn? Ará ọ̀run tó wá kí ará ayé ni. Ọjọ́ tí eégún Olóòlù bá jáde, tí obìnrin kì í rí, Màámi a ti ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n. Ìdí nìyí tí ọmọ mi ò fi ní bo ojú ṣe òkú. Ní àdúgbò tiwa, ẹ̀kú kì í ṣe eré, mi ò sì fẹ́ kó dàgbà pẹ̀lú èrò pé ti Òyìnbó dáa, tiwa nìkan ló burú. Nípa súìtì, mo gbà kó jẹ ẹ́. Nínú 1 Kọ́ríńtì 10, Pọ́ọ̀lù ní ká jẹ ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà láìbéèrè, àfi bí ẹnìkan bá sọ pé òrìṣà ni wọ́n fi bọ. Àwọn mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ò ní gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní bá wọn jà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ọmọ yín kí ẹ tó bínú. Ìgbà tí mo bi tèmi, ó ní òun rò pé ẹni tí kò bá múra ò ní gba súìtì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì fi irọ́ gbèjà Ọlọ́run. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ obìnrin pé ohun tí mo fi ránṣẹ́ kì í ṣòótọ́. Mo padà lọ bá Àǹtí lẹ́nu géètì kan náà, lójú gbogbo èèyàn. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó sáré dì mí mú, nítorí mo jù ú lọ.

Màámi ti fi abẹ́rẹ́ rán ihò méjèèjì. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, nígbà tí àlùfáà ń ka orúkọ àwọn olóògbé, ọmọ mi gbọ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Mọ́mì, ṣé Bàbá náà wà lára àwọn ènìyàn mímọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.